Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ẹni tó ń lọ, kí lẹ rí?

Àṣàkẹ́: Ẹ kú ìjókòó o. Aládùúgbò mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ẹni tó ń lọ, ǹjẹ́ ó yí bí ẹ ṣe ń bá èèyàn lò padà?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi dákẹ́ sí. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ dìjà. Tí mo bá gbé ṣíbí dé ẹnu wọn, wọ́n á pa ètè dé, wọ́n á wá rọra di ọwọ́ mi mú. Àwọn ẹbí ní kí n fi tipá fún wọn. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún wa pé ara tó ń kógbá sílé kì í béèrè oúnjẹ mọ́. Òwú tí mo rì sínú omi ni mo fi ń nu ètè wọn.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò gbà o. Ta ló máa máa wo òbí ẹ̀ níran láìfún un lóúnjẹ?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ìyá Ìbejì, tó bá béèrè, ẹ fún un. Àmọ́ ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, omi lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mímí náà á máa yí padà: á yára, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Kánádà lọ́dún 2020 fi hàn pé ọpọlọ àwọn kan tí kò lè dáhùn mọ́ ṣì ń dá ìró mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Háà. Mímí tó ń dúró yẹn! Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó là á yé wa. Ẹ ṣé gan-an.

Adéọlá: Bàbá tèmi ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn, kí ìyá wa tó ti lọ ṣáájú má baà ṣì wọ́n mọ̀ 😂

Jagunlabí: Sùúrù ni gbogbo ẹ̀.

Àbíkẹ́: Sùúrù wo? Nígbà tí ọkọ mi wà lórí ìdùbúlẹ̀, orí fóònù ni gbogbo wọn ti ń bá mi tọrọ sùúrù. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi nìkan ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà, ó ní, “Ìyálé mi, ẹ lọ sùn.” Òun ló ń yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò. Oorun tí mo sùn lóru yẹn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn ní sùúrù, kó wá gba òru kan ṣe.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ wí i ire! Owó ni ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ ní tiẹ̀.

Arìnnàkore: Ẹ má bú ẹni tó fowó ránṣẹ́ o. Òkè òkun ni mo wà nígbà ti ìyá mi. Ta ló sanwó oògùn?

Àbíkẹ́: Arìnnàkore, mi ò bú yín. Ẹni tó jìnnà yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé ìsọdá ọ̀nà tí kò yọjú.

Àṣàkẹ́: Nọ́ọ̀sì Alẹ́, ẹ dákun, tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, báwo la ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ń ro ó?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ wo iwájú orí ẹ̀. Tó bá ń hunjú, tàbí tó ń kérora bí ẹ bá yí i padà, ẹ pe dókítà kó tún oògùn ìrora wò, ẹ má dúró dọjọ́ kejì.