Trap SNMPv3 kì í wọlé tí firewall kejì bá gba iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Firewall (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) méjì ni mo ń bójú tó: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì wà ní ìmúrasílẹ̀. Zabbix, ètò tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ, ń fi SNMPv3 (ìlànà tí a fi ń bójú tó ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bi wọ́n léèrè lórí port UDP 161, ìyẹn ń lọ déédéé. Wàhálà wà lọ́dọ̀ trap, ìyẹn ìkìlọ̀ tí àwọn firewall fúnra wọn ń fi ránṣẹ́ sí port 162. Ti àkọ́kọ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n bí èkejì bá gba iṣẹ́, kẹ́kẹ́ á pa. Mo fi tcpdump, tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá hàn, wò ó: pákẹ́ẹ̀tì náà dé orí sáfà, snmptrapd, ètò tó ń gba trap, ni kò gbà á wọlé. EngineID, àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú SNMPv3, ni mo fura sí, torí ti àkọ́kọ́ nìkan ló wà nínú snmptrapd.conf. Ṣé kí n kọ ìlà createUser (tó ń dá aṣàmúlò SNMPv3 sílẹ̀) méjì, kálukú pẹ̀lú engineID tirẹ̀, àbí ọ̀nà tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ wà?

Syslog, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ, náà ńkọ́? Ìkìlọ̀ pọ̀ débi pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru ti ń pa fóònù wọn, èyí ló ń dẹ́rù bà mí jù. Mo fẹ́ kí ipele 0 sí 3 (àwọn tó le jù) nìkan máa dún, ṣùgbọ́n ipele 5 ni firewall tiwa ń fi ìkìlọ̀ sí bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé alábòójútó tẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ya irú èyí sọ́tọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.