Àbọ̀ lórí iná ẹ́ńjìnnì jíìpù mi tó ń padà tàn

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè ìdí tí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì jíìpù mi fi ń padà tàn. Kóòdù àléébù méjì ni kọ̀ǹpútà jíìpù mi ń gbé wá: P0171 (afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo nínú ẹ́ńjìnnì) àti P0302 (iná kò ràn dáadáa nínú sílíńdà kejì). Bí a bá pa wọ́n rẹ́, bí mo bá ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, wọ́n tún dé.

Ẹni tó ní kí n wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé ló tọ̀nà! Mẹkáníìkì fẹ́ èéfín sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ní Adó-Èkìtì, ó sì rú jáde lára rọ́bà fákúùmù kan (ọ̀pá rọ́bà tó so mọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà) tó sán lábẹ́, níbi tí ojú kò tó. Afẹ́fẹ́ tí sensọ MAF (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì) kò kà ló ń gbabẹ̀ wọlé. A pààrọ̀ rọ́bà náà, P0171 kò padà mọ́. Fífọ MAF nìkan kò tó, bó tilẹ̀ mú kí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ díẹ̀.

P0302 ṣì ń yọjú bí òjò bá rọ̀. Púlọ́ọ̀gì tuntun kò ràn án. A ó gbé kọ́ìlì (èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná) ti sílíńdà kejì sí ìkẹta: bí kóòdù bá di P0303, ìyẹn ti sílíńdà kẹta, kọ́ìlì ló ní àléébù.