Táyà 285 lórí Hilux: ṣé òun ló ń mu epo mi ni àbí ẹ́ńjìnnì?

Ọmọ Bàrígà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó síbi tí kò yẹ.

Iṣẹ́ bóhóòlù ni mò ń ṣe. Bàrígà ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ìhà Sángótẹ̀dó àti Àwòyáyà ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá mọ àwọn àdúgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé sí níbẹ̀ á mọ̀ pé tí òjò bá ti rọ̀, ọ̀nà di ẹrẹ̀ nìyẹn. Hilux 2.7 ni ọkọ̀ mi, bẹntiróò ló ń lò. Táyà tó bá a wá ni 265/65R17: 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí a bá pín fífẹ̀ yẹn sí ọgọ́rùn-ún, 17 ni ríìmù ní ínṣì. Mo yọ ọ́, mo fi 285/70R17 eléyín gbàǹgbà sí i, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè díẹ̀ kí táyà má baà máa ha fẹ́ńdà. Bull bar, irin ààbò, wà níwájú, káríà wà lórí fún páìpù. Ní ti ẹrẹ̀, kò sí ẹjọ́: ibi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ṣẹ́rí padà, èmi ń kọjá lọ ni. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà báyìí.

Epo ni wàhálà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá rọ epo kún táńkì, tí mo wá rìn títí dáṣíbọ́ọ̀dù fi ka kìlómítà 300, lítà 36 ló máa ń gbà kó tó tún kún. Báyìí, lítà 42 ni. Ọ̀nà kan náà, ẹrù kan náà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, lítà 6 ti kúrò ní ohun tí èèyàn ń fojú fò, iye tí mo bá oníbàárà ṣe kò sì ní yí padà torí pé epo mi tètè tán.

Mẹkáníìkì kan ní ká ṣí nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ká pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti sẹ́ńsọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ ò ta gìrì, kò rú èéfín, iná ẹ́ńjìnnì ò tàn. Kí lẹ rí sí i?

Àjàh Boy

Ẹ̀gbọ́n, táyà ni. Ẹ dá 265 padà, ẹ máa lọ ní tiyín. Táyà ńlá kì í bá bẹntiróò rẹ́.

Bàbá Ládípò

Ọmọ Bàrígà, o kú iṣẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nọ́sù rẹ ná, má sì tíì ta táyà rẹ.

Kìlómítà 300 ti tẹ́lẹ̀ àti 300 ti ìsinsìnyí kì í ṣe ọgbọọgba. Iye ìgbà tí nǹkan yí lábẹ́ ọkọ̀ ni dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà, kò mọ̀ pé o pààrọ̀ táyà. Táyà àkọ́kọ́ ga tó nǹkan bíi mílímítà 776 látòkè délẹ̀, eléyìí ga tó 831. Tí ti tẹ́lẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, mítà 2.44 lo lọ. Eléyìí, mítà 2.61. Ó fi 7 lé nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ 300, ọ̀nà tí o rìn gan-an ti di kìlómítà 321.

Wá ṣírò rẹ̀. Lítà 12 ló ń jẹ ní kìlómítà 100 tẹ́lẹ̀. Ká ní kò yí padà rárá, kìlómítà 321 á jẹ nǹkan bíi lítà 38.5. Ó wá jẹ 42. Nínú lítà 6 tó ń dùn ọ́, 2.5 kò sọnù, ìrìn lo fi rìn. Lítà 3.5 ló kù tí a ó bi léèrè ibi tó ń lọ.

Má torí pé èmi ni mo sọ ọ́ gbà á o. Lọ bá fọ́kanáísà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó rọ atẹ́gùn táyà pé. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tó ti fara kan ilẹ̀, kí o fa òmíràn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ti ọkọ̀ náà síwájú tààrà títí ìlà ara táyà yóò fi tún balẹ̀, kí o wá fi tépù wọn ààrin méjèèjì. Ìwúwo ọkọ̀ á tẹ táyà mọ́lẹ̀, kò ní pé 2.61, má jáyà. Bí o bá tún fẹ́ àrídájú, Third Mainland kò jìnnà sí ọ. Kìlómítà 11.8 ni afárá yẹn gùn. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ á sọ nǹkan bíi 11.

Lítà 3.5 yẹn wàyí. Ìwúwo ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Táyà eléyín tó nípọn báyẹn lè fi kìlógíráàmù 7 tàbí 8 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jáde lọ Ìbàdàn tí ọ̀nà ń dá a lóhùn, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó ń yí lọ. Ìwọ tí o wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí, gbogbo ìgbà tí o bá tẹ bíréèkì lo pa ìyípo yẹn, gbogbo ìgbà tí o bá tún gbéra, epo ni yóò tún un dá sílẹ̀. Gíga táyà náà tún mú kí gíà gùn: ẹ́ńjìnnì 2.7 náà á máa làágùn kó tó gbé e kúrò lójú kan, o ó sì máa tẹ epo mọ́lẹ̀ jù láìmọ̀. Eyín gbàǹgbà náà ní tiẹ̀: bí ó ṣe ń balẹ̀ ló ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń gbóná, epo ló sì ń sanwó ooru yẹn.

Atẹ́gùn ńkọ́? Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, táyà tó bá ọkọ̀ wá ni wọ́n kọ ọ́ fún. Tí tìrẹ bá ní LT lára, ìyẹn àmì táyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó máa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti gbé ẹrù kan náà. Ibí yìí ni mo ti máa kọ́kọ́ wò, torí kò náni ní nǹkan.

Bull bar, káríà àti gíga tí o gbé e, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń bá jà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú gosílóò kò tó nǹkan. Lórí Lẹ́kí-Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá là, o ó rí i. Lọ́jọ́ tí o kò bá kó páìpù, tú káríà náà sílé.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ọmọ Bàrígà, ẹ má gbàgbé eré: tí ọwọ́ spídò bá wà ní 90, 96 lẹ ń sá. Bíréèkì náà ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i lọ́wọ́, pàápàá tí ẹ bá kó ẹrù. Táyà sípíà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín, ṣé 265 ṣì ni? Tí ẹ bá fi í sẹ́yìn, tí ẹ wá ki gíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bọ̀ ọ́ lórí títì ọ̀dà, nǹkan á já nínú ibẹ̀, owó rẹ̀ á sì ju ti epo lọ fíìfíì.

265/70R17 all-terrain, ìyẹn táyà tó wà fún títì àti ẹrẹ̀, lèmi ń lò láti fi kó ọ̀dà ìkunlé lọ sáìtì. Ó fi 3 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àkọ́kọ́, eyín rẹ̀ kò le jù, ó sì ń gbé mi kọjá ibi tó burú ní Ìkòròdú. Nígbà tí 285 yẹn bá jẹ tán, ẹ rò ó wò.

Ọmọ Bàrígà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì wọ̀n ọ́, ó fún mi ní mítà 2.55. Atẹ́gùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló sì lọ sílẹ̀, fọ́kanáísà fúnra rẹ̀ bú sí hàà. A ti rọ ọ́, mo ti tú káríà, mo sì ti sọ fún mẹkáníìkì kó fi nọ́sù sílẹ̀. Ìyá Ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni, 265 ló wà lábẹ́, màá wá ojúgbà àwọn yòókù sí i. Bàbá, ṣé wọ́n lè tún dáṣíbọ́ọ̀dù náà ṣe?

Bàbá Ládípò

Àwọn kan ń ta ẹ̀rọ kékeré tó ń tún iye tó ń kà ṣe, ṣùgbọ́n o lè máa fi 1.07 sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra rẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ́ìlì: tí o bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì ti gbé ọ rin 5,350. Máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ka nǹkan bíi 4,670.