Báwo ni mo ṣe lè so ìṣirò mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí ó lè wọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ọwọ́ wọn yá nídìí ayùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ òfin Pythagoras (a² + b² = c², tó so gígùn ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan gún ní 90 dígírì pọ̀) sójú pátákó báyìí, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bi mí pé àga wo ni òun fẹ́ fi a àti b kàn. Mo ti ń fi pákó àti ìṣó sínú ìbéèrè mi, síbẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Kí ni kí n ṣe?

Èsì kìíní
Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Pákó tí ẹ dárúkọ kò sọ ìbéèrè yín di iṣẹ́. Ẹ̀wù lásán ni ẹ wọ̀ fún un, àwọn ọmọ náà sì mọ̀. Ẹ gbé férémù ilẹ̀kùn tí igun rẹ̀ wọ́ díẹ̀ síwájú wọn, kí ẹ má fún wọn ní nǹkan kan ju tépù lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi 60 sẹ̀ǹtímítà sàmì sára igi kan láti igun, kí wọ́n fi 80 sàmì sára èkejì, kí wọ́n wá wọn àárín àmì méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ 100 gééré, igun náà gún. Bí ó bá jẹ́ 102, ó ti là jù. Àwọn fúnra wọn ni yóò béèrè ìdí rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ Pythagoras.

Èsì kejì
Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwa oníṣẹ́ iná. Mo máa ń béèrè bóyá fíúsì 10 áḿpù lè gbé ẹ̀rọ ìgbómigbóná tó ń jẹ 3,000 wáàtì lórí iná 230 fóltì. Àwọn tó búra pé yóò gbé e ló máa ń kọ́kọ́ mú bírò láti fi 230 pín 3,000, tí wọn yóò sì rí i pé ó lé díẹ̀ ní 13 áḿpù, tó ju agbára fíúsì náà lọ.

Èsì kẹta
N kò ta kò yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà parí sídìí férémù. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ 60, 80 àti 100 lórí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé igi òrùlé tó jẹ́ 5, 12 àti 13 kalẹ̀, wọ́n ní mi ò kọ́ wọn rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ òfin náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Olùbéèrè
Mo dúpẹ́ gan-an. Férémù wíwọ́ kan ti pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa. Òun ni màá fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.