Kí ni kí n ṣe sí èébú nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù mi?
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kékeré kan ní Adó-Èkìtì. Nínú Mortal Kombat X, géèmù ìjà tó jáde ní 2015, ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló máa ń wu Kung Jin, tafàtafà tó lọ bá àwọn Shaolin, ìyẹn àwọn mọ́ńkì tó ń jà. Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá: Raiden, òrìṣà àrá inú géèmù náà, sọ fún un pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni àwọn Shaolin ń wò, kì í ṣe ẹni tọ́kàn rẹ̀ fẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an.

Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ Kung Jin ló máa ń mú ṣáá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan ka ìtàn náà lórí fóònù, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọ náà. Kò wá mọ́. Irú ẹni tó jẹ́ kò kàn mí, mi ò sì ní bi í. Àmọ́ ó ń dùn mí pé mo dákẹ́.

Ẹ mọ òfin 2014 tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe gbóná tó nílùú wa. Báwo ni mo ṣe lè ká èébú yìí kò láìjẹ́ pé ojú gbogbo ènìyàn tún yí sí ọmọ náà? Ṣé kí n pè é lórí fóònù ni?