Ìyá mi ń lọ Toronto láti Iléṣà: wákàtí mélòó ló yẹ kí wọ́n fi sinmi ní London?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá mi, ẹni ọdún 71, fẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Toronto nínú oṣù Keje. Wọn ò wọ bàálù rí.

Láti Èkó dé London tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. London sí Toronto jẹ́ nǹkan bíi 5,700, bíi wákàtí mẹ́jọ. Ẹ má gbàgbé pé a ó ti kọ́kọ́ wọ mọ́tò láti Iléṣà dé Èkó.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì la rí. Ọ̀kan máa dúró ní London fún wákàtí méjì, èkejì fún mẹ́fà. Ẹsẹ̀ màmá máa ń wú tí wọ́n bá jókòó pẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi ni mo bá wọn fa bàtà bọ́. Ojú okùn rẹ̀ ti wọ ara. Ẹ̀rù ń bà mí pé wákàtí méjì á di eré sísá fún wọn.

Ẹni tó bá ti rán òbí lọ rí, ẹ dákun, èwo ni kí n mú? Ṣé a lè ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú? Ọjọ́ Ẹtì la gbọ́dọ̀ sanwó.