Íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi ń wọ́ láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tà á fún mi: ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ará Àsẹ̀rò
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti fi ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ń bá ná tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, tí mo sì gba ti àwọn tó ń fa wáyà fáíbà wọ inú ilé ní Àsẹ̀rò níbí, ní Abẹ́òkúta. Ìyára 50 Mbps ni mo san owó rẹ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọkùnrin méjì wá so ó, wọ́n dán an wò lójú mi, ó sì ń sáré bí ẹṣin. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń rí 6, nígbà mìíràn 4, pàápàá ní alẹ́ tí gbogbo ará ilé bá ti dé. Mo ti pa ràútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, mo ti tàn án, mo ti tún un pa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti pe ilé iṣẹ́ náà, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi, pé kò sí ohun tó ṣe é láti ọ̀dọ̀ àwọn. Ìyàwó mi ti ń sọ pé kí n padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Kí n tó padà bí ẹni tí wọ́n lé, mo ní kí n bi ẹ̀yin tí ojú yín ti rí i: kí ni ẹ ṣe?

Ọmọ Kútọ̀
Ẹ kú oríire, bàbá, ẹ ti dara pọ̀ mọ́ wa nìyẹn.

Ìyá Aládìrẹ
Ará Àsẹ̀rò, ẹ jókòó kí n sọ tèmi, nítorí ojú mi rí nǹkan. Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ṣùgbọ́n orí fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà. Bí mo bá gbé aṣọ sókè nínú fídíò, tí àwòrán mi sì dúró gbagidi síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á yóò ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúrò lórí ràútà onísíìmù, tí mo gba fáíbà. Àbíkẹ́yìn mi, ọlọ́gbọ́n ọmọ, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bi òun léèrè páásíwọ́ọ̀dù mọ́, ló bá gbé orúkọ ràútà àtijọ́ àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún tuntun. A kò sì pa àtijọ́. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló wà, lórí íńfátà, tó ń ṣẹ́jú lọ ní tirẹ̀.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi bá ilé iṣẹ́ tuntun jà. Mo pe ọmọbìnrin kan tó gbé fóònù wọn ní ọmọ olè. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ yìí jókòó sórí àga kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tèmi kú fin-ín. A gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orúkọ Wi-Fi kan náà ni a rí lórí méjèèjì. Ìgbà náà ni ó rántí wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ràútà àtijọ́ ni fóònù tèmi ti ń bá rìn láti ọjọ́ yìí wá, dátà inú rẹ̀ ló sì tán lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ Kútọ̀
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ yín gbọ́n ju ilé iṣẹ́ méjèèjì lọ.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ẹ má bínú, ìyá wa, ìtàn yín dùn, ṣùgbọ́n ó lu níbì kan. Dátà wo ni ó wà nínú ràútà tí a ti kọ̀ sílẹ̀ tí kò tán fún oṣù méjì, nígbà tí ó jẹ́ pé èyí tí èmi rà lọ́jọ́ Ajé kì í rí Ọjọ́bọ̀?

Ìyá Aládìrẹ
Olùkọ́, ibi tó ń dùn mí gan-an ni ẹ fọwọ́ kàn yẹn. Mo ti so káàdì báǹkì mi mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kí ó máa ra dátà fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Mo ń rí owó tó ń jáde nínú àkáǹtì, mo rò pé owó tí báǹkì máa ń gé lásán ni. Káàdì náà ló kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó rí òmíràn rà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, à bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní.

Ará Ìbarà
Èmi san tèmi fún oṣù mọ́kànlá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìyàwó mi má rí ohun tí mo kọ yìí.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì
Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ta ni? Ó yẹ kí ẹni tó wá so tuntun béèrè pé níbo ni ti àtijọ́ wà, kí ó sì pa á kí ó tó kúrò nínú ilé.

Oníṣẹ́ Wáyà
Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà díẹ̀. A kò ní àṣẹ láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn nínú ilé onílé. Bí mo bá pa á tí kò tàn mọ́, èmi ni wọn yóò mú. Ohun tí a lè ṣe ni kí a sọ fún onílé, àwọn onílé kì í sì í gbọ́, nítorí ojú wọn ti wà lára fóònù, wọ́n ti ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Ará Àsẹ̀rò. Bàbá, ẹ̀yin kò tíì mọ ibi tí ìjà yín wà. Ẹ wá kọ̀ǹpútà kan àti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ so ó tààrà mọ́ ẹ̀yìn ràútà, kí ẹ pa Wi-Fi orí kọ̀ǹpútà náà, kí àwọn ọmọ sì kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ dán ìyára rẹ̀ wò ní àárọ̀, kí ẹ tún dán an wò ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí wáyà bá fún yín ní ohun tó sún mọ́ 50 ní ìgbà méjèèjì, ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn rárá, inú ilé yín ló wà. Bí ó bá dára láàárọ̀ tó sì ṣubú lálẹ́, a jẹ́ pé èrò ti pọ̀ jù lórí wáyà tí àdúgbò yín ń pín lò. Bí ó bá sì kéré ní gbogbo ìgbà, ẹ wo wáyà fáíbà fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí ẹ bá ká a kò bí okùn ewúrẹ́, ìmọ́lẹ̀ yóò jò dànù níbi tó ti tẹ̀. Mo ti dé ilé kan ní Òkè-Ìlèwó tí wọ́n ń fi wáyà fáíbà sá aṣọ ìnura.

Ọmọ Láfẹ́nwá
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nípa àpáta? Ìlú yìí kò ní ibi tó tẹ́jú. Ẹ̀yìn àpáta ni ilé wa wà, mo sì mọ̀ pé òun ló ń dí i.

Oníṣẹ́ Wáyà
Àbúrò, kò sí ohun tí àpáta lè fi fáíbà ṣe, nítorí kì í gba inú afẹ́fẹ́ kọjá.

Ọmọ Láfẹ́nwá
Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í lo fáíbà. Ràútà onísíìmù ni tèmi, láti orí òpó ilé iṣẹ́ fóònù ni ó ti ń gbà á. Nígbà tí mo pààrọ̀ ilé iṣẹ́, ibi tí ti àtijọ́ wà nínú pálọ̀ ni mo gbé tuntun sí, 3 ni mo sì ń rí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé òpó tuntun kò sí lápá ibi tí òpó àtijọ́ wà. Mo gbé e káàkiri ilé bí ẹni tó ń wá ẹyẹ tó sọnù, títí mo fi dé fèrèsé yàrá ìyá mi tó kọjú sí ọ̀nà, níbi tí àpáta kò ti dí ojú ọ̀run, ló bá di 28. Ìyá mi ti wá di ọlọ́pàá íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Bí inú bá bí wọn, wọn a ti ilẹ̀kùn yàrá wọn, wọn a sì pa á.

Ìyá Aládìrẹ
Ẹ bá mi kí wọn. Ó yẹ kí n kọ́ irú ọgbọ́n yẹn.

Ará Ìbàdàn tó ń gbé Ìjàyè
Ṣé kì í ṣe wáyà abẹ́ òkun ló tún já? Ó ṣẹlẹ̀ rí.

Oníṣẹ́ Wáyà
Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí ọ̀pọ̀ wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́bàá Abidjan. Ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó kàn lọ́jọ́ náà, títí dé àwọn báǹkì. Òkun kì í bá ilé kan ṣoṣo jà ní Àsẹ̀rò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan wá tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé tèmi. 40 ni mo ń san owó rẹ̀. Ọmọkùnrin mi ń gba fáìlì kan sórí kọ̀ǹpútà, ó rí 5, ó sì pariwo pé wọ́n ti jí 35. Mo ní kí ó wò ó dáadáa. b kékeré (bit) ni ó wà nínú Mbps tí wọ́n ń tà fún wa, B ńlá (byte) ni kọ̀ǹpútà kọ sí ẹ̀gbẹ́ 5 náà, mẹ́jọ b kékeré ni ó sì wà nínú B ńlá kan. Ẹ fi 8 pín 40, ẹ ó rí i pé ohun tí a san owó rẹ̀ gan-an ni wọ́n fún wa.

Ará Ìbarà
Olùkọ́, ìṣirò yín péye, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kò fi B ńlá tà á fún wa? Ẹni tó ń ta gààrí kì í fi kóńgò kan wọ̀n ọ́n lójú wa kí ó tún fi òmíràn kà á fún wa.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì
Bí wọ́n ṣe ń wọn íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé nìyẹn, wọn kò dá a sílẹ̀ nítorí Ẹ̀gbá.

Ará Ìbarà
Nítorí pé 40 tóbi lójú ju 5 lọ ni. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa.

Ọmọ Kútọ̀
Ará Ìbarà ló jàre.

Oníṣẹ́ Wáyà
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ṣùgbọ́n kò kan Ará Àsẹ̀rò, nítorí iye tí òun ń sọ jẹ́ ti b kékeré. Bí a bá tilẹ̀ ń sọ nípa iye, iye kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀: 94. Oníbàárà mi kan ń san owó 200, 94 tàbí 95 ni ó ń rí láàárọ̀ àti lálẹ́, kò yẹ̀. Bí iye bá dúró sójú kan báyìí, wáyà ni kí ẹ fura sí. Okùn tín-ín-tín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì; bí ọ̀kan bá gé, ẹ̀rọ yóò fi mẹ́rin ṣe é, kò sì ní kọjá 100 mọ́. Eku ló jẹ tirẹ̀ nínú àjà.

Ará Ìbàdàn tó ń gbé Ìjàyè
Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe 622, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ni yóò gbé e. Mo ti pè wọ́n rí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ti fi ẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí n sì ka nọ́ńbà tí wọ́n fún ẹjọ́ náà, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ará Àsẹ̀rò
Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí Oníṣẹ́ Wáyà ní kí n ṣe. Wáyà fún mi ní 47 láàárọ̀, ó fún mi ní 44 ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí ohun tí mo ti sọ sí àwọn ènìyàn yẹn kò kéré. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ràútà àtijọ́ bíi ti Ìyá Aládìrẹ, ṣùgbọ́n inú páálí rẹ̀ lókè kọ́bọ́ọ̀dù ni mo bá a, kò sí nínú iná. Ohun tí mo rí ni ẹ̀rọ kékeré kan tí mo ti rà nígbà ilé iṣẹ́ àtijọ́, irú èyí tí a máa ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí Wi-Fi lè dé yàrá ẹ̀yìn. Àbúrò ìyàwó mi wá kí wa ní ọjọ́ kejì tí wọ́n so fáíbà, òun ló bá wa so ó mọ́ ràútà tuntun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo fóònù ilé ń bá rìn. Mo yọ ọ́ kúrò, pálọ̀ di 31 lójú ẹsẹ̀.

Oníṣẹ́ Wáyà
Ó yé mi wàyí. Irú ẹ̀rọ yẹn, orí 2.4 GHz nìkan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà nínú afẹ́fẹ́, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbọ́ tí wọ́n sì ń sọ. Ó ní láti gbọ́ tán kí ó tó tún un sọ, ìdajì ìyára á sì ti ṣòfò. Ẹ fi àwọn Wi-Fi aládùúgbò tó kún orí 2.4 náà kún un. Ẹ so àwọn fóònù inú pálọ̀ mọ́ 5 GHz, wọn yóò tún lọ sókè sí i. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri bíríkì méjì ti tó láti pa á.

Ará Àsẹ̀rò
Ìyẹn ni ìṣòro tó kù, nítorí pé yàrá wa kò rí nǹkan kan mọ́ báyìí. Ibi tí wáyà àwọn ọmọkùnrin tó wá so fáíbà tó mọ ni wọ́n gbé ràútà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé iwájú, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ fa wáyà lọ sí ọ̀nà àárín ilé, kí n gbé ràútà kejì sórí ògiri níbẹ̀. Ìyàwó mi ní wáyà kankan kò gbọdọ̀ la pálọ̀ òun kọjá.

Ìyá Aládìrẹ
Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ gba inú àjà.

Ọmọ Kútọ̀
Kí eku lè rí oúnjẹ alẹ́.

Oníṣẹ́ Wáyà
Ẹ gba inú àjà, ṣùgbọ́n ẹ ki wáyà bọ inú páìpù tí àwọn oníná ń lò. Ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ fi mítà mẹ́ta kún un. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ojúlówó bàbà ni inú rẹ̀, nítorí alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára ló kún ọjà, ó sì máa ń tètè kán.

Ìyá Aládìrẹ
Ará Àsẹ̀rò, kí ẹ tó ra wáyà, ẹ ní inú páálí ni ràútà àtijọ́ wà. Ṣé ẹ yọ káàdì báǹkì yín kúrò lára rẹ̀?

Ará Àsẹ̀rò
Ìyá wa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àkáǹtì mi tán. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni wọ́n tún yọ owó dátà.